Mọ́tò Bàbá Wa àti Plọ́ọ̀gì Kẹrin

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, aládùúgbò mi ní Ìyànà Ọ̀fà níbí pe mẹkáníìkì wá wo ọkọ̀ bọ̀gìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin, àga aláwọ ló wà nínú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ń dá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń wúkọ́ bí arúgbó láti ọjọ́ mélòó kan. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí wọ́n ṣáná sí i, ó wá ń yọ wáyà plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ plọ́ọ̀gì tó ti kú. Bí ó bá yọ ti èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n rìrì. Bí ó bá yọ ti èyí tó ti kú, kò sóhun tó máa yí padà, bí ìgbà tí ọ̀lẹ bá kúrò lóko.

"Pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn fún mi," aládùúgbò mi ní.

"Alàgbà, gbogbo rẹ̀ la máa pààrọ̀, tòun ti wáyà. Bí mo bá ki tuntun sáàárín ogbó, ẹ ò ní pẹ́ tún pè mí, ẹ ó sì tún máa bú mi."

Wáyà kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì ń tiro: gbù-gbù-gbù, hẹ̀n, gbù-gbù-gbù, hẹ̀n. Òórùn epo bẹntiróò tí kò jóná tán fẹ́ wọ fàráńdà mi. Mo gbé ife tíì ọwọ́ mi sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mo pariwo pé, "Ẹ bá mi pa nǹkan yẹn jàre." Aládùúgbò mi wò mí tìyanu-tìyanu. Kò mọ̀ pé kì í ṣe mọ́tò tirẹ̀ ni mò ń bá jà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù pe mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ tún máa ń rojú bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Abúlé wa wà nínú ìgbẹ́ Lágelú lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í yà sí àfi ọjọ́ ọjà. Oníṣòwò obì ni bàbá mi, Mùsùlùmí gidi, ìyàwó mẹ́rin, mọ́tò kan. Mọ́tò ọ̀hún kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́tò. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, irin funfun kan sì yí imú rẹ̀ ká tí a máa ń wo eyín wa nínú rẹ̀. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, òórùn awọ àti tùràrí bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Abẹ́ rẹ̀ làwọn adìẹ ń sùn sí lọ́sàn-án, bí wọ́n bá sì yàgbẹ́ sí i lára, àwa ọmọ la ó jẹjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, tí a ṣe fídáù tán, ẹbí jókòó láti pín ogún. Bí a ṣe ń pín in ni ìdí igi sí ìdí igi: ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ tó bí, ìdí igi kan nìyẹn. Wọ́n pín oko, wọ́n pín yàrá, wọ́n pín agbádá. Ó wá ku mọ́tò. Kò sẹ́ni tó gbà kí wọ́n tà á, kò sì sẹ́ni tó gbà kí ẹlòmíì máa gùn ún. Ariwo pọ̀, títí àbúrò bàbá mi kan tó dàgbà jù fi la ojú tó ti ń tòògbé, ó sì yíjú sí Múfú, dẹ́rẹ́bà bàbá mi.

"Múfú, plọ́ọ̀gì mélòó ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn?"

"Mẹ́rin ni, Bàbá."

"Ìdí igi mélòó ló wà nílé yìí?"

"Mẹ́rin náà ni, Bàbá."

"Ṣé ẹ rí i pé Ọlọ́run ti pín in tipẹ́."

Bó ṣe parí nìyẹn. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan gba plọ́ọ̀gì kan àti wáyà rẹ̀ lọ sí yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò jáde, àfi kí ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i, kí wọ́n gbé tiwọn wá. Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní ọgbọ́n ńlá ni. Títí dòní, n kò tíì rí ọgbọ́n mìíràn tó jọ ìyà tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní purọ́, ó dùn wò níbẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ Iléyá, wọ́n á gbé plọ́ọ̀gì jáde bí ẹni gbé ohun ọ̀ṣọ́. Tiwa wà nínú agolo mílíìkì, a fi òwú wé e. Ìyáálé ilé máa ń fi òrí pa tiwọn, kó má baà dípẹtà, Múfú á sì kọ́kọ́ yan án lórí iná kí ó tó ṣeé lò. Wọ́n á dúró yí i ká, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fi sípánà dì í, bí ẹni pé ó lè gbé ọ̀kan mì.

Láàárín Iléyá kan sí èkejì, àwa méjì la ni mọ́tò náà, èmi àti Sàlámá. Ọmọ ìyá kejì ni Sàlámá, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, á sọ ẹsẹ̀ lé ara wọn, èmi á sì di ọwọ́ mọ́tò mú níwájú.

"Màmá, níbo là ń lọ?"

"Iléèwé ni. Má sáré o, mo ti lọ aṣọ mi."

Eré kọ́ ló ń ṣe o. Ọmọ yẹn lórí ìwé. Èédú ló fi ń ṣe ìṣirò sára ògiri ilé ìdáná títí wọ́n fi ń nà án. Ó wá ṣe ìdánwò iléèwé gíga ti àwọn ọmọbìnrin ní Ìbàdàn, ó sì yege, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú agboolé wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tíṣà wa gun kẹ̀kẹ́ wá sílé pé ọ̀la ni wọn yóò pe àwọn ọmọ tó yege síwájú ọ̀gá iléèwé. Bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ láàárọ̀ tí kò dáhùn, wọn á fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ọ̀la kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Àfi mọ́tò bàbá wa. Ìdí igi mẹ́ta gbà lójú ẹsẹ̀. Ìkẹrin ni tiwa.

Búọ̀dá Lásísì, àkọ́bí ìyá mi, ló ń tọ́jú plọ́ọ̀gì wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ó sì yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é. Nínú ìtàn yìí, n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Kò síṣòro. Bí mo bá kírun àárọ̀ tán, ẹ wá gbà á." Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá Sàlámá kò ṣe fi òru mú ọmọ rẹ̀ jáde, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ pàdé ọkọ̀ ní títì.

Ó kírun tán, a lọ. Ó ń jẹ obì lórí awọ àgùntàn.

"Plọ́ọ̀gì dà?" ìyá mi bi í.

"Oko obì ìsàlẹ̀ odò dà? Ṣebí wọ́n fi dù mí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún mi ni plọ́ọ̀gì máa jáde."

"Lásísì, o gbà lánàá."

"Àná ti lọ."

Ìyá tó bí i kúnlẹ̀ fún un. Mo rí i. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ọmọ orogún rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ sì ń fi ahọ́n ro obì láàárín eyín.

Múfú ni kò fẹ́ gbà. Ó ní ẹ́ńjìnnì lè fi mẹ́ta rìn. Ó gbẹ́ igi ṣóńṣó, ó fi àkísà wé e, ó fi òòlù gbá a sínú ihò tó ṣófo. Bó ṣe ṣáná, igi náà fò jáde, ó lu bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìbọn ọdẹ. Ewúrẹ́ ya wọ ilé, ìyáálé ilé sì dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, à bá rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó máa fọn bẹ́ẹ̀," Múfú ní, "ẹ wọlé ká lọ."

A lọ. Sàlámá gbé sálúbàtà tuntun sórí itan kí ẹrẹ̀ má baà kàn án. Mọ́tò ń gbọ̀n, ó ń pariwo, epo ń rùn títí orí fi ń fọ́ wa. Ó rọra ń lọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kan òkè tó wà lẹ́yìn odò, ó kọ̀. A bọ́ sílẹ̀, a ń tì í, àti ìyá Sàlámá, àti èmi, àti Sàlámá fúnra rẹ̀ nínú aṣọ tó ti fi sítáàṣì sí. Ìgbà tó gùn ún tán, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún ọmọ náà.

Nígbà tí a dé iléèwé, àwọn òbí mìíràn ti ń jáde. Obìnrin kan pàdé wa lẹ́nu géètì, ó ní wọ́n ti pè é, wọ́n tún un pè, ààyè sì ti kún. Ìyá Sàlámá bẹ̀, ó sunkún. Sàlámá kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò.

Abẹ́ igi la bá Lásísì nígbà tí a padà dé. "Ẹ ti dé?" ni ó wí. "Mo ṣe bí mọ́tò ò lè rìn láìsí tèmi ni." Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni n kò tíì gbé mì títí dòní.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú Sàlámá lọ sọ́dọ̀ àǹtí ìyá rẹ̀ ní Ṣáṣá. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, ó ń ta tòmátì, ó sì ń fi èdè Haúsá na àwọn alágbàtà lọ́rẹ́. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló kàwé. Nígbà tí mo sọ fún un pé inú ṣì ń bí mi sí Lásísì, ó ní, "Ìwọ lo ṣì ń ru ìyẹn kiri. Tòmátì lèmi ń rù." Ó to tòmátì díẹ̀ sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, láìwojú mi, "Ṣùgbọ́n kó wá. Mo fẹ́ kó wá."

Mọ́tò bàbá wa jẹrà síbi tó wà. Lásísì gba oko obì rẹ̀, ó sì ti tà á fáwọn tó ń kọ́lé. Alhájì ni báyìí, òun sì ni mọ́gàjí wa. Ní ìpàdé ẹbí tó kọjá, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má tú wa ká, ó ní ká fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ìdí igi kan nínú wa sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹ̀rọ omi tí gbogbo wa jọ dáwó gbẹ́, lójú rẹ̀ níbẹ̀. Mo dìde.

"Níbo lò ń lọ?" ó bi mí.

"Mo fẹ́ gba atẹ́gùn. Ẹ̀yin ẹ máa ṣọ̀kan lọ."

Ó wá rán ọmọ rẹ̀ sí mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, Bàbá ní ọ̀rọ̀ ìgbà èwe ni, pé kí ẹ wá, kí ẹ jọ parí ẹ̀." Ọmọ dáadáa ni, n kò bínú sí i. Mo fún un lóúnjẹ. Mo ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kì í ṣe èmi ló ṣẹ̀. Sàlámá wà ní Ṣáṣá, nídìí àwọn alátòmátì, ẹni tó bá béèrè rẹ̀ kò ní ṣìnà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo rán iṣẹ́ yẹn. Láti abúlé wa dé Ṣáṣá, wọ́n ti da ọ̀dà sí i báyìí, ọkọ̀ kì í wọ́n láàárọ̀, kì í wọ́n lálẹ́. Bọ̀gìnnì tuntun wà lójúde Lásísì, plọ́ọ̀gì rẹ̀ pé, wáyà rẹ̀ pé. Kò tíì lọ.