Egungun Ìhà Mẹ́fà Nínú Ìkòkò Aláìkánjú

Ẹ jẹ́ ká kan sáárá sí ọ̀rọ̀ kékeré kan tó gbé ìlú Èkó ró ju afárá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ: "Mo ti yó." Ọ̀rọ̀ ọlọ́lá ni. Adé tí kì í wúwo lórí ni. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń kùn bí ẹ̀rọ ata á wọ ilé onílé lásìkò oúnjẹ, wọ́n á ní, "Ẹ wá jẹun," á na ọwọ́ bí ọba tó ń dárí ji ẹlẹ́wọ̀n, á ní, "Á gba ibi ire o, mo ti yó." Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Onílé mọ̀, àlejò mọ̀, ológbò tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà náà mọ̀. Síbẹ̀, iyì gbogbo èèyàn pé pérépéré, oúnjẹ nìkan ló ń tutù.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ rí nínú ìwé ìròyìn, nígbà tí mo ṣì ń kọ̀wé fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Yunifásítì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yẹ̀yẹ́. Òfin ni bàbá mi rò pé mo ń kọ́.

Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, kò sí ẹni tó mọ "mo ti yó" sọ bí ìyá mi. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn gbé e wá sílé mi ní Lafiaji. Inú ikùn ni àìsàn náà wà. Dókítà sọ orúkọ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ara àgbà bẹ́ẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ mọ́, pé ohunkóhun tó bá ṣáà wù ú jẹ ni kí n máa fún un. Kò sí ohun tó wù ú. Mo gbé ògì wá, ó ní òun ti yó. Mo gbé ọbẹ̀ ẹja wá, ó fi ṣíbí kan ètè, ó ní òun ti yó. Ó ń súnkì lójú mi bí aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà ni kí n rí i kó gbé oúnjẹ kan mì tinútinú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń bá a fọ ẹsẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan.

"Ṣé wọ́n ṣì ń ta ẹlẹ́dẹ̀ ní Èkó yìí?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ wo, màámi?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ló wà láyé? Egungun ìhà rẹ̀ ni mo fẹ́. Kó rọ̀ dáadáa o, mi ò léyín."

Mo sọ kànìnkànìn sílẹ̀. Ó wá fi kún un pé, "Kí Alhaja má gbọ́ o."

Alhaja ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì wọ agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Alhaja gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ onílé, ìyá mi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ayálégbé, Kírísítẹ́nì láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó gba yàrá kan nísàlẹ̀. Mùsùlùmí ni gbogbo ilé náà, ìdáná kan ṣoṣo ló sì wà. Nínú ìdáná yẹn, ìkòkò kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá ní àlejò á gbé ìkòkò ẹlòmíì, á sè, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ìyá onílé fi béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́ tó kó ẹrù dé.

"Ìyàwó, o kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àbí?"

"Rárá o, mà. Kò bá mi lára mu."

Irọ́ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń sìn.

Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ òótọ́, ìkòkò rẹ̀ á dá dúró sí igun kan, òun náà á sì dá dúró pẹ̀lú ìkòkò. Nítorí náà, ó di irọ́ náà mú fún ogójì ọdún. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á wé gèlè, á gbé Bíbélì, á fà mí lọ́wọ́, á kéde fún gbogbo agboolé pé ìpàdé àdúrà là ń lọ. A ó gba Ìta Fájì kọjá, a ó rìn títí dé ẹ̀yìn ilé ọtí kan tí bàbá kan ti ń yan ẹlẹ́dẹ̀. A ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ó jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà á fún mi ní èèpo ọsàn, á ní kí n máa rún un títí tá a fi máa délé, kí òórùn má bàa tẹ̀ lé wa. Mo dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èèpo ọsàn kò sí lára ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì.

Nígbà tí àìsàn sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ojoojúmọ́ ni Alhaja ń wá. Tó bá ti kírun alásárì tán, á fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Lafiaji, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Ìyá mi á ní, "Ẹ ṣeun, Alhaja, mo ti yó." Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu fún un. Ayálégbé kì í gbàgbé.

Mo lọ ra ẹran náà ní ṣọ́ọ̀bù ẹran dídì kan. Obìnrin tó ń tà á wò mí tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ọ̀rá dúdú kan tó, àbí ká wé e ní méjì?" Mo ní kó wé e ní méjì. Ó ní, "Mo mọ̀. Ará Island."

Ìkòkò tí mo máa fi sè é ti wà lórí fíríìjì mi fún ọdún méjì, lábẹ́ aṣọ léèsì tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́. Ìkòkò oníná ni, amọ̀ dídán nínú, irin lóde, ó sì máa ń se nǹkan díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ó dájú pé iná kì í lọ níbẹ̀. Àlejò ni mo máa ń ṣí i hàn. Èmi fúnra mi ló sọ ọ́ ní aláìkánjú, torí mi ò tíì fi se ohunkóhun rí.

Lọ́jọ́ kejì, agogo mẹ́fà àárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Egungun ìhà mẹ́fà, tó gùn tó ọwọ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ wọlé. Mo fi àkísà mímọ́ di etí rẹ̀ mú, mo fà á, ó bó lẹ́ẹ̀kan. Mo fi iyọ̀, atalẹ̀, aáyù àti ata rodo díẹ̀ pa á lára. Mo gé àlùbọ́sà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo to egungun náà dúró yí i ká, kí ẹran kọjú sí ara ìkòkò níbi tí iná wà. Mo da tòmátì lílọ̀ sí i àti omi tí kò kún ife, torí ẹran yẹn fúnra rẹ̀ ló máa sun omi tó máa se é. Mo dé e. Ìwé tó bá ìkòkò náà wá ní èèyàn kò gbọdọ̀ máa ṣí i, pé ìṣẹ́jú kan tó o bá fi yọjú, ooru ìdajì wákàtí ló bá a lọ.

Mo ti ṣe ìṣirò mi. Agogo méjì ọ̀sán, á jinná. Agogo mẹ́ta, ìyá mi á ti jẹun, fèrèsé á ti wà ní ṣíṣí, mo ti fọ àwo. Alhaja á dé lẹ́yìn alásárì, kò ní bá nǹkan kan.

Agogo mẹ́wàá, iná lọ.

Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, mi ò sì lè fi ìyá mi sílẹ̀ nìkan lọ wá a. Mo kó táwẹ̀lì méjì, mo fi wé ìkòkò náà bí ọmọ tuntun, mo jókòó tì í. Ìyá mi ń pè láti yàrá, "Ṣé ó ti rọ̀?" Mo ní kò tíì rọ̀. Ó tún pè. Ẹni tí kò béèrè oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Nígbà tí iná fi máa dé, wákàtí méjì ti lọ.

Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo ṣí i. Mo fi fọ́ọ̀kì mú egungun kan, egungun nìkan ló jáde, ẹran ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi ọbẹ̀. Mo bù ú sínú àwo, mo gbé e tọ ìyá mi lọ, mo fi ìrọ̀rí gbé e jókòó. Ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ là. Mo ti gbàgbé pé ojú rẹ̀ máa ń là bẹ́ẹ̀.

"Gbé e sún mọ́ mi," ló wí, ó sì na ọwọ́.

Ìgbà náà ni ohùn dún lórí àtẹ̀gùn. "Àsàlámù àlékùn! Àwọn ará ilé yìí dà?"

Ìyá mi fa ọwọ́ padà. Ó fi etí ìró rẹ̀ bo àwo náà mọ́lẹ̀ lórí itan.

Alhaja wọlé, ó gbé kúlà kalẹ̀, ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Ó fa imú.

"Ìjẹ̀ṣà, kí lẹ sè?"

"Ẹran màlúù ni, Alhaja."

"Màlúù?" Ó wò mí. Mo wo fèrèsé. "Irú màlúù tó ń yí nínú ẹrọ̀fọ̀ yẹn?"

Alhaja bú sẹ́rìn-ín, ó di orúnkún rẹ̀ mú.

"Obìnrin yìí! Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀. Ìpàdé àdúrà wo ló ń mú kí ètè èèyàn máa dán? Ẹ ó lọ lẹ́nu gbígbẹ, ẹ ó dé bí ẹni tó fi òróró pa ẹnu. Ọmọ rẹ á máa rùn bí apẹ̀rẹ̀ ọlọ́sàn."

"Alhaja, ẹ má bínú. Ilé yín ni mo…"

"Ta ló ń bínú? Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Èmi ò ní jẹ ẹ́, Ọlọ́run ò pa á láṣẹ fún mi. Ìwọ ló pa á láṣẹ fún. Ṣí àwo yẹn, kó má tutù."

Ọwọ́ ìyá mi wà lórí ìró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mo ti mọ̀ láti kékeré.

"Mo ti yó, Alhaja."

"O yó? Kí lo jẹ?"

"Mo ti jẹ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé."

Alhaja bẹ̀ ẹ́. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó pè é ní Òṣómàáló olórí kunkun. Nígbà tí kò gbà, ó dìde, ó yí àga rẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri. "Wò ó, mo ti kọ̀yìn sí ọ. Mi ò rí nǹkan kan. Jẹ ẹ́." Ó jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́, ìyá àgbà tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà fìyà jẹ. Kò gbọ́ ìró ẹnu tó ń jẹun. Nígbà tó yá, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Mo tún gbé àwo náà fún ìyá mi. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Gbé e pamọ́ di ọ̀la." Ó ní, "Ó mọ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ó mọ̀, ó ṣì ń gbé ìkòkò mi."

Nígbà tí ọ̀la dé, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti dí. Omi nìkan ló ń gbà, òwú ni mo fi ń kán an sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́bọ̀, ó kú.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, Alhaja pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ó padà jẹ ẹ́?" Mo mi orí pé rárá. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn àbúrò mi, fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú. Mo máa ń sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibi màlúù tó ń yí nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n á sì mi orí lórí agídí ìyá mi, pé ìtìjú lásán ló jẹ́ kó kú láìjẹ ohun tó béèrè. Èmi náà á bá wọn mi orí.

Ibì kan wà tí mo máa ń fò. Nígbà tí Alhaja kọjú sí ògiri, ó bá mi sọ̀rọ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, bù ú jẹ kí ìyá rẹ rí ọ. Tó o bá jẹ, á jẹ."

Ìyá mi gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó ń dúró dè mí, bí ẹni tó dúró létí omi, tó ń wò ó bóyá ẹlòmíì á kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mi ò tíì jẹun láti àná. Láti àárọ̀ ni òórùn ẹran yẹn ti ń fa ìfun mi. Ṣùgbọ́n Alhaja ló jókòó yẹn, ẹni tó pọ̀n mí, tí mo ti ń jẹ ẹran Iléyá rẹ̀ látìgbà tí mo ti hu eyín, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ bí mo ṣe ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Mo ti yó, Alhaja."