Adìẹ Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá Wa Ń Yan ní Ìkòsì

Háà, Bàbá mi! Ó di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dá. Ẹ lọ, ilé ṣófo, àga yín ń wò wá lójú. Bàbá tí iyọ̀ kì í ṣì lọ́wọ́, ọkùnrin tí a máa ń gbóòórùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó tó wọlé, ẹni tó bọ́ ọ̀gá, tó bọ́ àlejò, tó bọ́ ará ilé àti ará àdúgbò. Ikú ti mú ọwọ́ náà lọ.

Nígbà tí Dọ̀tun, àbúrò mi ọkùnrin, ní kí èmi àkọ́bí kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí, ó kìlọ̀ fún mi pé, "Àǹtí mi, ẹ kọ ohun tó dáa o. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa kà á." Ohun tó dáa náà ni mo fẹ́ kọ, Dádì. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó ti kan kò ṣeé fi ata bò mọ́lẹ̀. Nítorí náà, òótọ́ ni mo máa kọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín. Ẹ wá sí Èkó ní ọ̀dọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo nílé òyìnbó kan ní Ìkòyí títí ẹ fi di kúùkù àgbà nílé náà. Ó lé lógún ọdún tí ẹ fi dáná fún ìdílé yẹn. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wọn lẹ ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi nìkan lẹ ń wálé sọ́dọ̀ wa ní Ìkòsì, láàárọ̀ Mọ́ńdè ẹ ti tún lọ.

Oúnjẹ ọ̀sán ni kì í jẹ́ kí ẹ tètè dé. Àwọn òyìnbó yẹn kì í fi oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ṣeré. Odidi adìẹ ni, tí ẹ ti fi bọ́tà àti ewé táìmù pa lára, tí ẹ yan nínú ófùn títí awọ rẹ̀ á fi pọ́n, tí á máa ró pàràpàrà lábẹ́ ọ̀bẹ. Ọ̀dùnkún òyìnbó á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kárọ́ọ̀tì náà á wà níbẹ̀, àti omi ẹran tí ẹ fi ìyẹ̀fun díẹ̀ mú kó ki. Bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ á jókòó yí tábìlì ká, ẹnikẹ́ni kì í dìde títí gbogbo wọn á fi jẹun tán. Bí ẹ bá dé, tí a sì bi yín pé, "Dádì, kí ni wọ́n jẹ lónìí?", ẹ á rò ó fún wa látòkèdélẹ̀. Dọ̀tun á máa gbé itọ́ mì. Mọ́mì á wá ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ó tó báyìí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí sinmi." Gàrí ni àwa àti Mọ́mì sábà máa ń mu lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì kú nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹ fẹ̀yìn tì. Kò jẹ nínú adìẹ yẹn rí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó kó lọ sílùú wọn pátápátá, wọ́n sì fi sítóòfù gáàsì wọn tó ní ófùn nísàlẹ̀ ta yín lọ́rẹ. Mo rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé Ìkòsì. Gbogbo ayálégbé ló jáde wá wò ó. Ẹ nù ún, ẹ dúró tì í, ẹ ní, "Ó tó àkókò kí àwọn ọmọ tèmi náà jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ Sátidé kì í mọ́ tán kí ẹ tó dé ọjà Mile 12, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá láti òkè Ọya ti ń já ẹrù. Ẹ á máa fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀dùnkún wò lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé àwọn Haúsá tó ń tà á sọ yín ní Bàbá Dànkálì, nítorí pé dànkálì ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìsìn àárọ̀ kùtù lẹ máa ń lọ kí ẹ lè tètè padà sílé wá wọ épúrọ́ọ̀nù funfun yín. Ooru Ìkòsì kò mú yín bọ́ ọ rí. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde nígbà náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi káàdì ṣòfò, fíláàṣì lẹ fi ń pè wá, ẹ á jẹ́ kó dún díẹ̀, ẹ á sì gé e. Fíláàṣì kìíní, adìẹ ti wọ ófùn. Fíláàṣì kejì, ó ti jáde, ẹ máa bọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo wa là ń wá. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjì á ti Ifákọ̀ wá, Dọ̀tun á ti Kétu wá, Bùnmi àbíkẹ́yìn tó ń gbé lọ́dọ̀ yín á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ẹ̀yin lẹ máa ń gé adìẹ náà. Ẹ mọ ẹni tó fẹ́ràn itan, ẹ mọ ẹni tó fẹ́ràn apá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dìde kí a tó jẹ tán, ẹ á ní, "Jókòó. Oúnjẹ ọ̀sán Sọ́ńdè kì í ṣe ti ikùn nìkan."

Àmọ́ kò pẹ́ lọ títí. Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí Dọ̀tun ń lọ kì í jáde títí di aago mẹ́rin. Bùnmi ríṣẹ́ sí ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan, ọjọ́ Ìsinmi gan-an sì ni ọjà wọn ń yá jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé ti wá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ tààrà láti jẹ adìẹ díndín. Ọmọ yín wá ń gbé adìẹ síwájú ìdílé ẹlòmíràn lọ́sàn-án Sọ́ńdè, bí ẹ̀yin náà ti ṣe. N kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin rí i, nítorí ẹ kì í lè wojú rẹ̀ bó bá ń wọ aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Èmi náà ṣẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwọn ọmọ mi ń sunkún áísìkiriìmù. Fíláàṣì kìíní wọlé, mo gbójú kúrò. Ìkejì wọlé, a ti jókòó sílé oúnjẹ. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la tó dé Ìkòsì. Adìẹ náà wà lórí tábìlì lódidi, ọ̀rá rẹ̀ ti dì. Àwo wa wà bí ẹ ti tò wọ́n. Ọmọ mi kékeré sáré mọ́ yín, ó ní, "Gráńpà, a ti jẹ ṣíkín!" Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹ wá yíjú sí mi: "Fọlákẹ́, ìdílé tí kò bá lè jókòó jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ló kù nínú rẹ̀?"

Ìtìjú mú mi, mo sì jẹ́ kí ìtìjú náà di ìbínú. Mo ní, "Dádì, ta lẹ ń yan adìẹ fún nígbà tí àwa wà lọ́mọdé? Ìdílé ta lẹ ń tọ́jú lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí àwa àti Mọ́mì ń mu gàrí? Mọ́mì kú láìtọ́ adìẹ yín wò. Ó ti pẹ́ jù, Dádì."

Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ gé adìẹ náà, ẹ pín in sínú abọ́, ẹ sì ń gbé e lọ fún àwọn ayálégbé láti yàrá dé yàrá. Mo kó àwọn ọmọ mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, fóònù mi kò dún. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin ni Bùnmi pè mí: "Àǹtí mi, ẹ wá wo Dádì o. Wọn ò dáná mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Gàrí ni wọ́n ń mu. Mo ní kí n se ìrẹsì fún wọn, wọ́n ní ohun tí ìyá wa jẹ ló tọ́ sáwọn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, n kò dúró gba àdúrà oore-ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó jáde. Mo bá yín nídìí tábìlì tí kò ní aṣọ, abọ́ gàrí wà níwájú yín, sítóòfù tutù lẹ́yìn yín. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó lanu, ẹ ní, "Dìde. Òótọ́ lo sọ."

Ẹ wá sọ ohun tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Ọjọ́ Ìsinmi tí àìsàn kọ́kọ́ dá Mọ́mì wólẹ̀, àwọn ará ilé ránṣẹ́ sí yín ní Ìkòyí. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá yín. Obìnrin náà ní àlejò ń bọ̀, kí ẹ yan adìẹ náà ná kí ẹ tó máa lọ.

"Mo yan án," ni ẹ wí. "Mo gbé e síwájú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní ó dùn gan-an. Mo tẹríba, mo ní, 'Tẹ́ńkíù, sà.'" Ẹ fi ṣíbí ro gàrí náà. "Kí n tó délé, wọ́n ti gbé ìyá rẹ lọ sí ọsibítù, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo lè kọ̀ nígbà náà, Fọlákẹ́. Kò sẹ́ni tó so mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ń yan án fún ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ kan á dé tí n kò ní máa gbọ́ ohùn àlejò yẹn mọ́."

Ọmọ tí inú ń bí sí bàbá rẹ̀, tí àánú bàbá náà tún ń ṣe, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Mo bu omi kún gàrí náà, mo jókòó, a jọ mu ún. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnìkejì nínú wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, a fẹnu kò sí ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Dọ̀tun gbà láti máa yọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bùnmi tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la ṣe é kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù yín lápá ọ̀tún, ọwọ́ tí ẹ fi ń di ọ̀bẹ mú. Èmi ni mo yan ti ẹ̀kẹrin. Ẹ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ ń fi ọwọ́ òsì júwe fún mi: "Dín iná kù. Yí i padà. Fi bọ́tà kún un." Ó ṣì jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi díẹ̀ sí yín lẹ́nu. Ẹ rọra jẹ ẹ́, ẹ wá ní, "Ìyá rẹ ì bá sọ pé iyọ̀ kò tó." Ẹ̀rín pa wá, omijé sì tẹ̀ lé ẹ̀rín náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ikú yín, mo wà lẹ́bàá ibùsùn yín. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mo gbé e dé ẹ̀yìn eyín. Bùnmi ní kí n jẹ́ kí ẹ sinmi. Mo ní ó di ọ̀la. Láàárọ̀ ọ̀la náà, kí n tó wọ bàtà mi tán, igbe Bùnmi ni mo gbọ́ lórí fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dọ̀tun bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé a ó ṣì máa pàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè báyìí?" Bùnmi tẹjú mọ́lẹ̀. Ládùúgbò wa yìí, ilé mélòó ló ṣì ń dáná kan fún gbogbo ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi? Olúkúlùkù ń bu tirẹ̀ jẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n, àbí kó rà á jẹ lọ́nà. N kò ní purọ́ lẹ́bàá pósí yín pé àwa ó yàtọ̀. A ó gbìyànjú. Ibi tí mo lè ṣèlérí dé nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Dádì, mo ti dárí jì yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n là á lẹ́nu. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ọ̀rọ̀ ẹnu mi jì mí. Ọmọ yín ń tẹ́tí sí èsì tí kò lè gbọ́ mọ́.

Ẹ máa lọ ní àlàáfíà, ẹ̀yin ọlọ́wọ́ ire. Kí ilẹ̀ rọ̀ fún yín. Ẹ sùn re, Bàbá mi, ẹ sùn re o.

Fọlákẹ́, àkọ́bí yín.