Fèrè Tí Wọ́n Gbà Lọ́rùn Mi

Mo bọ́ bùbá ọrùn mi, mo jù ú bo tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, lójú gbogbo ọmọ àdúgbò. Bí mo bá fẹ́ purọ́, mo lè ní ooru ló ń mú mi. Ooru kọ́. Egúngún inú fíìmù ọmọdé ló fẹ́ ṣí ojú, ẹ̀rù sì bà mí débi tí mo gbàgbé pé inú gíláàsì ló wà, kò lè jáde wá bá mi.

Iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe ní Ẹdẹ, lójú ọ̀nà Awo. Òdìkejì títì, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan wà. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ọ̀rẹ́ mi ni nígbà náà. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé gba ìsinmi, ó ní òun fẹ́ fi fíìmù kan hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n wá bá òun jókòó tì wọ́n kí wọ́n má baà fọ́ àga òun.

Fíìmù náà dùn, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ abúlé kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í borí nínú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti bá wọn gbá a, góòlù ló ń jẹ yó lọ sílé. Ni egúngún kan bá jáde láti inú igbó, ó lóun ni yóò máa ṣe aṣọ́lé wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, yóò na aṣọ rẹ̀ bí ìyẹ́, bọ́ọ̀lù á kó sínú aṣọ, ẹyẹlé á fò jáde. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́, mò ń pariwo ju àwọn ọmọ lọ. Àfi ìgbà tí wọ́n gbá ìdíje tó kẹ́yìn tán, tí ọmọ tó kéré jù nínú wọn wá di aṣọ egúngún mú, tó ní, "Bàbá, ta ni yín? Ẹ jẹ́ ká rí ojú yín." Egúngún náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan àwọ̀n tó bo ojú rẹ̀.

Wọ́n ń gbé egúngún ní agbo ilé bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo dọ̀bálẹ̀ kí n lè yọjú wo ẹsẹ̀ ọ̀kan; kì í ṣe ojú o, ẹsẹ̀ lásán. Pàṣán tí mo jẹ níjọ́ náà, ẹ̀yìn mi ò tíì gbàgbé. Ará ọ̀run ni wọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹnìkan kì í sì í wo ojú ará ọ̀run kó padà sílé lọ jẹun. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fò dìde, mò ń ké, "Ẹ bò ó! Ẹ bò ó! Ẹ má wò ó o!" Bùbá ti fò kúrò lọ́rùn mi. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti já ní abíyá ni mo fi dúró láàárín àwọn ọmọ olọ́mọ, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di tẹlifíṣọ̀n mú bí ẹni tó mú olè.

Kí wọ́n tó yọ aṣọ mi kúrò, jẹnẹrétọ̀ ti kú. Ìgbà tó fi máa jí, àwọn àgbàlagbà ti dé láti wo bọ́ọ̀lù tiwọn. Àwọn ọmọ kò rí ìparí fíìmù náà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe yìí?" Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni balógun àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. "Ṣé ẹ rò pé ó máa gbé yín lọ ni?"

Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn.

Bó bá parí síbẹ̀, ǹ bá ti fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí wọsáàpù gbogbo ará àdúgbò. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi wá pọ́m̀pù táyà, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín kó tó kí mi. Ọ̀rẹ́ mi wá sọ mí lórúkọ: Bàbá Bò-ó. Yóò dúró lódìkejì títì, yóò bọ́ fìlà, yóò máa fi fìlà bo orí àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá, yóò máa ké bí mo ṣe ké. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn náà, mo gbé e mì. Èyí tí kò gbà ní ọ̀fun mi ni ọ̀rọ̀ fèrè.

Èmi ni mo máa ń fọn fèrè rẹfirí fún àwọn ọmọ yẹn ní àràárọ̀ Sátidé, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo ń lẹ bọ́ọ̀lù wọn tó bá jò, èmi ni mo ń parí ìjà wọn. N kò ní oyè kankan ní Ẹdẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí mo kà kò gùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi fèrè yẹn kọ́rùn, ènìyàn ni mí. Ó wá jẹ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò Alajue ń bọ̀ wá bá wọn gbá a kí ìsinmi tó tán, gbogbo òbí ló máa wá wò ó. Ni ọkùnrin yìí bá pe àwọn ọmọ jọ. Ó ní, "Ẹni tó ń sá fún fíìmù, ṣé òun ló máa dúró bí àwọn ará Alajue bá gbé ẹnu sókè sí i? Ẹ gbé fèrè fún mi, èmi ò mọ ẹ̀rù."

Ọmọ àbúrò mi ló wá gbà á. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó kí mi, ó wá na ọwọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá gbà á."

Mo bọ́ ọ lọ́rùn, mo fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí n ó fi pa ọkùnrin yẹn láyò. Kì í ṣe pé mo ní kí Ọlọ́run bá mi jà. Ọlọ́run máa ń fún ènìyàn láyè jù. Ní Sọ́ńdè, pásítọ̀ wa wàásù lórí ìdáríjì títí omi fi bọ́ lójú àwọn ìyá. Èmi náà ṣe àmín. Ọrùn ọkùnrin náà níwájú mi lórí bẹ́ǹṣì ni mò ń wò tí mo fi ń ṣe é, mò ń ronú ibi tí ojú ti máa tì í.

Ọwọ́ mi kọ́kọ́ fẹ́ẹ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìṣó gún táyà ọ̀kadà rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí, ó ní láti tì í wá bá mi. "Bàbá Bò-ó," ó ní, "bá mi wo táyà yìí, àmọ́ má bò ó o." Mo rí ìṣó náà. Ọkàn mi ní kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo wá rò ó: bó bá ṣubú ńkọ́? Bó bá ṣubú tó kú ńkọ́? Òun náà á wá di ará ọ̀run tòótọ́, n kò sì ní bùbá tó pọ̀ tó èyí tí n ó fi máa bo gbogbo igun ilé mi. Mo yọ ìṣó. Mo lẹ táyà náà tìbínú-tìbínú, n kò sì lẹ táyà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kó kọ́tìnnì ìyá mi méjì, mo rán wọn pọ̀. Ètò mi ni pé n ó gbé e wọ̀ bí egúngún, n ó yọ sí i lẹ́yìn ilé ìwòran rẹ̀ bó bá ń fa jẹnẹrétọ̀. Mo rán an tán, mo gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn, mo ní kí n kọ́kọ́ mu gààrí. Atẹ́gùn kan wọlé. Kọ́tìnnì náà wú, ó rọ̀, ó tún wú. Ife gààrí wà lọ́wọ́ mi tí mo fi bá ara mi ní gbangba ìta.

Ìyá mi bá mi níbẹ̀. "Kí lò ń ṣe nínú oòrùn?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé kọ́tìnnì yín kúrò nínú yàrá."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń mí."

Wọ́n yọjú wo inú yàrá. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí kọ́tìnnì yẹn ti wà lójú fèrèsé mi. Kò kí mi rí."

Ohun tí ò jẹ́ kí ìbínú mi tutù ni fídíò náà. Mo máa ń wò ó bí ẹni tó ń ta atare sójú egbò ara rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọjà kò yá, mò ń wò ó lọ, ni mo rí nǹkan. Irin fèrèsé wà nínú fídíò náà. Irin gbọọrọ-gbọọrọ, láàárín èmi àti ẹni tó ń ká mi. Ìta ló wà! Bẹ́ẹ̀ nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Kí ló lọ ṣe níta kí n tó dìde rárá? Mo wá rántí pé láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ bá ti ní kó bá àwọn fi ìparí fíìmù náà hàn, yóò ní kò sí epo, tàbí pé fláàṣì ò ṣí. Mo ti ń rò pé torí kí wọ́n lè máa bínú sí mi ni.

Ẹ̀rín tí mo rín níjọ́ náà, oníbàárà kan gbé táyà rẹ̀ padà.

Mo ra epo, mo gbé e lọ bá a níwájú gbogbo àwọn ọmọ. Mo ní, "Epo rèé. Fi ìparí fíìmù yẹn hàn wá. Èmi àti ìwọ la máa jókòó. Ẹni tó bá wò ó dé òpin láì kúrò, láì di ojú, òun ni kí wọ́n gbé fèrè fún."

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀, sà?" ni ọmọ àbúrò mi bi í.

Ọkùnrin náà tún fìlà rẹ̀ dé. Àwọn ọmọ ń wò ó. "Kí ló dé tí kò ní tẹ́ mi lọ́rùn? Fíìmù lásán!"

Ọ̀sán Sátidé la jókòó. Ìyá mi náà bá wa débẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ohun tó ń mú ọmọ àwọn sá fún kọ́tìnnì. Wọ́n di ẹ̀pà dání. Mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà, mo na ẹsẹ̀ dí i.

Fíìmù ń lọ. Bọ́ọ̀lù wọnú aṣọ, ẹyẹlé fò jáde. Nígbà tí ìdíje tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Jẹ́ kí n wo jẹnẹrétọ̀."

"Jẹnẹrétọ̀ tó ń ké yìí?"

"Mo fẹ́ tọ̀."

"Tọ̀ sára."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Òógùn ń sàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, inú mi sì ń dùn bí inú ẹni tó ń jẹ ẹran àjọ̀dún. Mo ti gbé fóònù mi sókè, mo dojú rẹ̀ kọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọsáàpù á gbọ́. Ọmọ kékeré inú fíìmù di aṣọ egúngún mú. "Bàbá, ta ni yín?" Ọ̀rẹ́ mi fa fìlà rẹ̀ bo ojú dé àgbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kejì gbá orúnkún mi mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́.

Mo ti gbẹ̀san! Gbogbo yàrá pariwo, àwọn ọmọ ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo gbé fóònù wálẹ̀, mo ní, "Ẹ wá wo ọkùnrin yín!"

Wọ́n rọ́ wá. Páànù òrùlé ló wà nínú fóònù mi. Páànù, àti aláǹgbá kan.

"Ìwọ náà di ojú!" ni ọ̀rẹ́ mi ké, ó ti ṣí fìlà.

"N ò di ojú!"

"Ta ló wà nínú egúngún náà nígbà yẹn? Sọ ọ́!"

Mo wo àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́. "Bàbá... bàbá wọn àgbà ni."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá.

"Ẹ ò rí i!" ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ọba ìlú wọn ni."

Ẹ̀rín tún sọ. Ọmọ kan ti dùbúlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ," ni ìyá mi sọ, wọ́n sì ń bó ẹ̀pà wọn lọ, "ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún wọn o."

Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí fèrè tó wà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi, èmi náà na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà gbé e sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ fún àwa méjèèjì, torí wọ́n kọ́ ọ nílé.

"Bọ̀ọ̀dá, àti ẹ̀yin náà, sà," ó ní, "ẹ máa bá àwọn òǹwòran jókòó lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá di ojú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, góòlù máa wọlé kò ní mọ̀. Màmá àgbà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Àwọn ló máa fọn fèrè fún wa."