Ọ̀dà Pupa Lára Màlúù Àpáta

Lánàá, mo lé kunlékunlé kúrò níwájú ilé mi ní Ìlọ́fà. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí. Géètì ló fẹ́ kùn, èmi fúnra mi ni mo sì pè é. Àmọ́ bó ṣe ṣí agolo ọ̀dà pupa tí òórùn rẹ̀ wọlé bá mi ní yàrá, mo jáde tọ̀ ọ́. Mo ní kó máa lọ, kó lọ wá dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, kó sáà má ṣe jẹ́ pupa. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ń ṣarán. Arán kọ́. Ìbínú tó ti lé lógójì ọdún ni, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti gbé e.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ìwé gíráma. Pírínsípà wa gbà pé ohunkóhun tí a kò bá kọ orúkọ ilé ìwé sí lára, wọ́n máa jí i ni. Nítorí náà, àdá, ọkọ́, bẹ́ńṣì, korobá, gbogbo rẹ̀ la fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí. A kọ ọ́ sára ewúrẹ́ mẹ́ta tí ilé ìwé ń sìn pàápàá. Èmi ni mo ń kọ ọ́. Ìkọ̀wé mi dára, èmi ni mo tún ń kọ nọ́ńbà orin sí pátákó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì ti ń gùn mí. Títí, ọ̀rẹ́ mi láti Koro, ló máa ń di agolo mú fún mi. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn.

Lọ́dún yẹn, tíṣà ìtàn sọ fún wa pé àwọn ará ìgbà láéláé ya màlúù sára àpáta kan lókè Ọya, lápá ibi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ni wọ́n bá kó wa sínú lọ́rì oko ilé ìwé, tí èèpẹ̀ iṣu ṣì wà nílẹ̀ rẹ̀. A kọrin títí a fi kọjá Ìlọrin. Ní Jẹ́bà a dákẹ́, a ń wo odò láti orí afárá. Lẹ́yìn ìyẹn, igi ń kúrú sí i, ọyẹ́ ń la ètè wa. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Ìlọ́fà kan bú sẹ́kún, ó ní òun ò tíì lo ọjọ́ méjì rí láìjẹ iyán. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí àwa náà sì ń ronú odó ilé wa.

Àpáta méjì ló dojú kọra bí ògiri, iyanrìn nìkan ló wà láàárín wọn. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó mú wa wọlé. Kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà ò gbọ́ Haúsá ju "sànnú" lọ. Ó nàka sókè, a sì rí wọn: màlúù rúsúrúsú, ìwo wọn gùn. Ọ̀kan ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ọmọ náà sì ti kúnlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè tó o. Títí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ya èyí ti wo màlúù pẹ́ o."

Bàbá náà rí i pé òùngbẹ ń gbẹ wá, ó gbé akèrègbè, ó lọ pọnmi. Kò tíì jìnnà tí Pírínsípà fi ní kí wọ́n gbé agolo ọ̀dà wá, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ilé ìwé wa dé ibẹ̀. Títí gbé agolo pa mọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, uṣẹ́ ọọ́ ẹnìkan ni. Ẹ mọ́ jẹ́ kó kọ ọ́."

Pírínsípà gbá a létí. Tíṣà ìtàn ń wo ilẹ̀. Ni Pírínsípà bá gba agolo, ó nà án sí mi.

Mo kọ ọ́ sára àpáta náà, níbi tí àwọn màlúù wà. Kò sẹ́ni tó gbé ẹgba sókè sí mi. Mo tilẹ̀ fi okùn wọn ìlà kí lẹ́tà má baà wọ́. Inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Nígbà tí bàbá náà dé, ó gbé omi kalẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ọ̀dà náà kàn ń ràn sí i ni. Kò bú wa. Ó bu omi fún wa, a sì mu ún.

Nígbà tí a délé, Pírínsípà bi mí níwájú gbogbo ilé ìwé bóyá Títí ṣàfojúdi sí òun. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ wá di àpótí rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n gba ọ̀nà Koro lọ. Títí ló ń gba ipò kìn-ín-ní, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Aránṣọ ló dà, ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Pírínsípà ti kú, inú ṣì ń bí mi sí i. Èmi ò tíì kú, inú ń bí mi sí ara mi jù ú lọ.

Lósù tó kọjá, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ilé ìwé yín kọ́ nìyí? Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé kọ o!" Wọ́n ti yí orúkọ ilé ìwé náà padà, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Òjò àti oòrùn ti ń pa àwọn màlúù náà rẹ́. Ohun tí mo kọ ló dúró digbí, tó pọ́n, tó gún régé.

Mo wọ ọ̀kadà lọ sí Ararọ̀mí. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sẹ́nu láti ilé. Títí fi awò sójú, ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ìyá ọmọ màlúù yẹn ńkọ́? Éè sí ńbẹ̀ mọ́?"

Mo fi ìka hàn án. Abẹ́ lẹ́tà kẹta ló wà. Títí dá fóònù padà fún mi, ó yí padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń bá aṣọ tó ń rán lọ kí n tó lanu bẹ̀ ẹ́.