Ọjọ́ tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ Pa Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ wọ́n bí ojú lẹ́nu Àǹtí Jẹ́jẹ́. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nílé ìtẹ̀wé wa, nídìí tábìlì gígùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó ti ń to abala ìwé léra wọn kí Ẹlẹ́gọ́ọ̀mù tó lẹ ẹ̀yìn wọn pọ̀. Bí ẹ kí i, á rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bú u, á rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ tún gbàgbé ohùn yín sílé?" Bí Ẹlẹ́gọ́ọ̀mù ṣe ń kí i láràárọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rín náà ló fi ń dá a lóhùn.

Òfin kan wà lára ògiri wa: ẹni tó ń to ìwé kò gbọdọ̀ kà á, torí ìwé kíkà a máa fa ọwọ́ sẹ́yìn. Òfin yìí ti lé ẹni méjì lọ sílé. Àmì dúdú kékeré ló wà lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tò wọ́n dáadáa, àwọn àmì náà á sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn bá ti gún, ìwé gún. Kí la tún fẹ́ kà?

Àmọ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń kà. Ìlà kan níbí, ìlà méjì lọ́hùn-ún. Ojú ń ṣe tirẹ̀, ọwọ́ ń ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura, torí òun ló yára jù nínú wa.

Lọ́jọ́ yẹn, ìwé Tíṣà, oníbàárà wa kan, ló wà lórí tábìlì. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ ìtàn kan ṣoṣo yìí, ìtàn aṣọ́bodè kan tí kì í lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn, títí dọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wó àdúgbò rẹ̀, tó dìde sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, tó sì gba àdúgbò náà sílẹ̀. Aago mẹ́rin ni Tíṣà ń bọ̀ wá kó ìwé.

Orí kan ló wà nínú abala kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Jẹ́jẹ́ dé abala kẹsàn-án, ó rí i tí wọ́n gbé aṣọ́bodè lé èjìká. Ó ṣí ìkẹwàá: aṣọ́bodè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́nu ilẹ̀kùn ìpàdé. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà ti pààrọ̀ orí méjì kó tó fi nọ́ńbà sójú ewé. Nọ́ńbà pé, àtẹ̀gùn gún, ìtàn ló dorí kodò.

Gọ́ọ̀mù ti ń hó. Bó bá fi lè kan ẹ̀yìn ìwé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí Àǹtí bá sì sọ̀rọ̀, ó ti jẹ́wọ́ pé òun ń kàwé.

"Ọ̀gá," ló wí. Ariwo ẹ̀rọ gbé ohùn náà mì. "Ọ̀gá!" Ẹ̀rọ tún gbé e mì. Ló bá rìn lọ síbi bọ́tìnì pupa tí Ọ̀gá nìkan máa ń tẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

"Ta ló pa ẹ̀rọ mi?"

"Èmi ni, sà. Orí kẹsàn-án àti ìkẹwàá ti gbapò ara wọn."

"Yéè! Ó lóhùn!" ni Ẹlẹ́gọ́ọ̀mù wí.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwọn àmì. "Àtẹ̀gùn gún."

"Àtẹ̀gùn gún, sà. Ìtàn ni kò gún."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Àǹtí ń lọ́ etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ìka. "Mo kà á, sà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kà. Ẹ lè lé mi, ṣùgbọ́n ẹ má lẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá gba abala méjèèjì, ó jókòó lórí òkìtì bébà, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. A dúró, a dúró, ó sú wa.

"Ọ̀gá, ṣé wọ́n gbapò lóòótọ́?" Ẹlẹ́gọ́ọ̀mù bi í.

"Dákẹ́ ná! Aṣọ́bodè ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

A tún abala méjèèjì tẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Tíṣà tó kó ìwé rẹ̀ lọ, ó gún régé. Òfin ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: àfi Àǹtí Jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀gá ni.