Mo Fọ́jú, N Ò Yadi

Ogójì ọdún ni Bàbá Àrówólò fi ta abọ́ tánganran ní àdúgbò Tudu kí àìsàn tó gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Fatawu, ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀, kò jókòó sílé. Àràárọ̀ ló ń wà lẹ́yìn káńtà, tí yóò máa fọwọ́ pa abọ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ara rẹ̀ ti bó.

Ó ní ọmọ-ọmọ kan, Raqeebah, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí kì í sọ̀rọ̀. Dókítà ti yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ràn dáadáa. Ìka ló máa ń nà sí ohun tó bá fẹ́, wọn a sì gbé e fún un. Jẹ́léósinmi tí wọ́n mú un lọ dá a padà, wọ́n ní ó di ìgbà tó bá ń fọhùn. Fàdílátù ìyá rẹ̀, tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Kantamanto, wá rí obìnrin kan tó ń gba ọmọ tọ́jú, tó ń kó wọn síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́.

Bàbá ní ọmọ òun kò ní débẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gbé e wá bá òun.

Ikrimah, bàbá ọmọ, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Bàbá, ẹ ò ríran. Kí lẹ fẹ́ fi kọ́ ọ?"

"Mo fọ́jú, Ikrimah. N ò yadi."

Lọ́jọ́ kìíní, Raqeebah na ìka sí abọ́ pupa kan. Bàbá kò mọ̀. Ọmọ fà á láṣọ, ó tún na ìka, ó bú sẹ́kún. Fatawu fẹ́ gbé abọ́ náà fún un. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀, pé ìka kì í dún. Ó gbé ọmọ lé itan, ó kó abọ́ mẹ́ta sí i lọ́wọ́: èyí ńlá, èyí kékeré, kékeré ń wọnú ńlá. Ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ fún un: méètì inú ọkọ̀ ń pe èrò Circle, òjò ń bọ̀. Bí ọmọ bá kàn kùn, bàbá a dáhùn pé, "Ẹn-ẹ́n? Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Àwọn aládùúgbò ní arúgbó ti ń ṣarán. Ó ní kí wọ́n máa wí.

Ó kù díẹ̀ kí oṣù kan pé, obìnrin olómi kan ń kọjá. Bàbá gbọ́ ìpolówó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún ọmọ. Raqeebah fà á láṣọ. Bàbá bi í ní ohun tó rí, ó sì dúró.

"Nsu," ni ọmọ wí.

Inú Ikrimah kò dùn tán pé èdè Twi ló fi laẹnu pe omi. Bàbá ní òùngbẹ kì í béèrè bóyá Twi ni tàbí Yorùbá. Èyí tó bá jáde, òun yóò dá a lóhùn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Raqeebah ló ń ròyìn Tudu fún bàbá. Jẹ́léósinmi gbà á padà, ṣùgbọ́n bàbá ní tí wọ́n bá ti jáde, ṣọ́ọ̀bù ni kó máa bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mẹ́nu ba ògiri funfun tó wà lódìkejì títì.

"Funfun kọ́," ni Raqeebah wí. "Gíríìnì ni."

Bàbá ní òun ti ń wo ògiri náà kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Ọmọ kò yẹsẹ̀. "Gíríìnì ni, Bàbá. Ẹ̀yin ò rí i ni."

Wọ́n bi Fatawu. Ó ní òótọ́ ni, ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti kùn ún. Òun kò mọ̀ pé bàbá fẹ́ mọ̀.

Bàbá fa ọmọ mọ́ra. "Ó yá, kí ni wọ́n tún yí padà tí wọn ò sọ fún mi?"

Raqeebah kọjú sí títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń rí fún un.