Ìbọn Tí Kì Í Pani Wà Nínú Gíláàsì, Àjíǹde Wà Nínú Ilẹ̀

Wọ́n yìnbọn pa àbúrò ìyá mi lọ́sàn-án gangan, níwájú géètì ilé tó ń kùn lọ́wọ́. Ọlọ́pàá ló yìnbọn náà. Ẹni tí wọ́n wá mú kọ́ ni ọta bà. Ẹni tó ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá ló bà.

Ìgbéyàwó èmi àti ọkọ mi kò tíì pé oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, torí bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ni gbogbo ohun tí mo bá kọ: inú mi ń dùn. Inú mi ń dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín nídìí sítóòfù, mò ń tètè jí kí n lè wo ọkọ mi bó ṣe ń sùn, mò ń wo bàtà tèmi àti tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ọkọ rí láyé àfi èmi. Àárín ayọ̀ yìí ni wọ́n gbé òkú bá mi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi ẹnu kan náà rẹ́rìn-ín kó tún fi dárò.

Àjíǹde ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò ìyá mi. Ilé ló ń kùn jẹun. Láti òkèèrè lẹ ó ti mọ̀ ọ́n, torí kò sí ọ̀dà tí èèyàn fi kun ògiri rí tí kò sí lára ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá wọ yàrá, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wò. Á ní, “Èyí ṣì ń làágùn, ẹ jẹ́ ó sinmi.” Òun ló kun yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń sùn sí. Ó ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó òun nìyẹn.

“Ìyàwó ọ̀ṣìngín, àwọ̀ wo lo fẹ́?”

“Yẹ́lò ni, Bọ̀dá.”

“Bọ̀dá, gíríìnì ni a jọ sọ o,” ni ọkọ mi wí.

“Mo gbọ́ ẹ, ọkọ ìyàwó. Yẹ́lò la máa kùn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Àǹtí yín, mi ò dá àwọ̀ kankan yàn rí, ara mi sì le koko. Mú un mọ́ra, ọmọ mi.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe di Àjíǹde. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn aláṣẹ ra ìbọn tuntun fún àwọn ọlọ́pàá wa. Kò ní ọta. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀, iná mànàmáná á gba inú wáyà náà kọjá, ara ẹni tó bá bà á gan, á ṣubú, wọ́n á sì mú un láàyè. Ìbọn oníná ni a sọ ọ́. Wọ́n kó èèyàn jọ sí pápá ilé ìwé, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n gbé màíkì kalẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó máa ṣe ọ̀daràn kí wọ́n lè fi dán an wò. Àwọn ọlọ́pàá ń wo ara wọn, kálukú ń bá bàtà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò ìyá mi ń kun ògiri ilé ìwé náà lọ́wọ́. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, ó ní òun á ṣe é.

Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ó le. Wọ́n ta á. Ó ṣubú gbì sórí mátírẹ́ẹ̀sì, obìnrin kan figbe ta. Kò pẹ́ ló dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó gba màíkì, ó ní, “Ẹ kú ilé o. Mo dé ọ̀run, wọ́n ní kí n padà wá parí ògiri.” Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá di ọwọ́ rẹ̀ mú sókè, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ò ní fi ọta pa ẹni tí àwọn lè mú láàyè mọ́.

Àbúrò ìyá mi gbà á gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tó kú, ọ̀dọ́kùnrin kan tí àìsàn ọpọlọ ti ń yọ lẹ́nu mú ọ̀bẹ ìdáná jókòó sẹ́nu géètì ilé ìyá rẹ̀, ó ń sunkún pé àwọn kan fẹ́ gbé òun lọ. Kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ilé náà ni Àjíǹde ń kùn. Àwọn aládùúgbò ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ní wọn ò gbọdọ̀ pè wọ́n.

“Wọ́n á pa á fún mi.”

“Ìyá, ẹ pè wọ́n,” ni àbúrò ìyá mi wí. “Wọn ò pani mọ́. Èmi ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ òkú? Á ṣubú, á dìde, ẹ ó sì gbé e lọ sọ́sibítù.”

Ìyá náà pè wọ́n.

Nígbà tí ọlọ́pàá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì túká. Àjíǹde nìkan ni kò sá. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ló wà, tó ń pẹ̀tù sí i nínú. “Àbúrò mi, fara balẹ̀. Kò dunni tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ìjàlọ jẹ ni.” Ọmọ náà dìde. Ìbọn dún. Ọta fo ọmọ náà, ó wọ àyà tí dókítà ní ó le.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ náà ju ọ̀bẹ nù, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí àbúrò ìyá mi lé itan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un láìsí ìjà, láàyè. Ó ṣeé mú láàyè nígbà náà, àbí? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́?

Èmi, ọkọ mi àti Àǹtí, ìyàwó olóògbé, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, a rí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tí wọ́n tì pa. Àwọn ìbọn oníná náà tò sínú rẹ̀ bí àwo tí wọ́n ń tọ́jú de àlejò. Wọ́n gbé fọ́tò ńlá kọ́ sókè rẹ̀. Àǹtí ló kọ́kọ́ rí i.

“Bàbá àwọn ọmọ mi rèé,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Òun ni lóòótọ́, lórí mátírẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú ṣòkòtò ọlọ́dà rẹ̀.

Ọkọ mi béèrè pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tí wọn ò mú ìwọ̀nyí dání lọ?”

“Ohun ìjọba ni,” ọ̀gá dáhùn. “Bó bá bàjẹ́, èmi ni wọ́n máa bi.”

Mo ti gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò lọ́nà gbogbo. Bí ìbọn oníná bá bàjẹ́, ẹni tí wọ́n máa bi wà. Bí èèyàn bá bàjẹ́, ta ni kí á bi? Wọ́n ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ibo ló ń lọ? Ṣé kò mọ̀nà ni?

Ọlọ́pàá kan sìn wá jáde. Kò lè wo ojú Àǹtí. “Ẹ má bínú, ìyá. Wọn ò fi ìbọn oníná yẹn lé wa lọ́wọ́ rí. Bí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á ní ká nù ún.”

Mo mọ̀ pé ìbọn oníná náà léwu. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́ àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, èwo nínú méjèèjì lẹ máa fẹ́ kí wọ́n na sí ọmọ yín tí orí rẹ̀ dàrú?

Kí ni mo lè ṣe? Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Mi ò mọ lọ́yà, mi ò mọ ẹni tó mọ̀gá. Ògiri kan ṣì wà nínú yàrá wa tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì pé. Búlúù àtijọ́ ń yọjú lábẹ́ yẹ́lò. Àjíǹde ní òun ń padà bọ̀ wá kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ mi gbé búrọ́ọ̀ṣì lánàá, ó dúró síwájú rẹ̀ títí, ó sì rọra gbé e padà sínú korobá.

Ẹ̀yin aláṣẹ àti ẹ̀yin ọlọ́pàá, ohun tí mo ń béèrè ò ju ohun tí ẹ fẹnu ara yín ṣèlérí lórí pápá. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ kó ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń jáde, kí ẹ sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ dárúkọ ẹni tó tì í pa fún wa ní gbangba. Bí ẹ kò bá sì lè ṣe é, ẹ sọ fọ́tò ọkùnrin náà kalẹ̀, kó má polówó fún yín mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣubú lójú yín. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ dáhùn.